Faransé Ìdíkọ̀ Lẹ́nu Chancelle

"Bọ́njúù, Chancelle," ni Ìyá àgbà wí.

"Bọ́njúù, Ìyá àgbà."

"Sẹ́ bọ́n?"

"Sẹ́ bọ́n."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá àgbà Sakinatou wo àwo iṣu tó wà níwájú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó wo ọmọ náà, ó sì wo Abdoulaye ọmọkùnrin rẹ̀, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tó ń jẹun tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń hó nínú ìyá náà. Ó fẹ́ bi ọmọ yìí pé ta ló bá ṣeré nílé ẹ̀kọ́, ta ló bá jà, kí ló dé tí iyanrìn fi kún irun rẹ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe iyanrìn ní Faransé. Ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì pọ̀ mọ́ iṣu.

Òfin ni Abdoulaye ṣe. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wọlé padà lẹ́yìn ìsinmi ọdún tuntun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá Chancelle sọ Nàgó, èdè abínibí wọn, mọ́ nínú ilé. Faransé nìkan.

Ohun tó sì fa òfin náà kò ju èyí lọ. Abdoulaye ń ta èlò alùpùpù lẹ́bàá títì tó lọ sí Parakou. Lọ́jọ́ kan, Hermann, aládùúgbò rẹ̀, mú ọmọ rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé, ó ń dà á wàràwàrà bí ẹni tí wọ́n bí sí Paris. Abdoulaye gbàgbé owó tó fẹ́ gbà, ó kàn ń wo ẹnu ọmọ.

"Ọmọ náà kò ju Chancelle lọ o!" ni ó wí nígbà tó délé. "Hermann ní àwọn kì í sọ Nàgó nílé àwọn. Àwa wá ńkọ́? Nàgó láàárọ̀, Nàgó lọ́sàn-án, Nàgó lójú oorun!"

Géraldine, ìyàwó rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Chancelle, ṣé Faransé tèmi yìí lẹ fẹ́ kí ọmọ kọ́? Mo ti kúrò nílé ìwé kí wọ́n tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi bínú."

"Èyí tó o mọ̀, sọ ọ́. Èyí tó ò mọ̀, fi sílẹ̀."

"Èmi ńkọ́?" ni Ìyá àgbà bi í.

Abdoulaye họ orí. Kò sẹ́ni tó ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó dákẹ́. "Ìyá, ẹ ṣáà máa gbìyànjú. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ Faransé rí."

Òótọ́ ni. Nígbà tí Ìyá àgbà wà ní ọ̀dọ́, tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń kó èrò gba Ṣábẹ̀, ìlú wọn, kọjá, ó máa ń gbé iṣu dídín sórí lọ sí ìdíkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, á sáré láti fèrèsé dé fèrèsé. Faransé tó wúlò fún un níbẹ̀ kò pọ̀. "Pà ṣẹ́ẹ̀!" ìyẹn ni pé kò wọ́n. "Fíìtì, fíìtì!" ìyẹn ni pé ẹ ṣe kíá, ọkọ̀ ti fẹ́ lọ. "Kàdóò!" ìyẹn ni èènì. "Sẹ́ bọ́n!" sì ni pé ó dùn, ẹ tọ́ ọ wò.

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí náà ni Ìyá àgbà wá fi ń tọ́ ọmọ. Bó bá fẹ́ kí Chancelle lọ wẹ̀, "Fíìtì, fíìtì!" Bó bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún un, "Pà ṣẹ́ẹ̀!" Bó bá tẹ́ ẹní fún un kó sùn, á fọwọ́ gbá ẹní náà pẹ́pẹ́, á ní, "Sẹ́ bọ́n!"

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Chancelle rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sílẹ̀. Géraldine fi aṣọ bo ẹnu. Abdoulaye pàápàá kọjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí eyín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín tán.

Tẹ́lẹ̀, Géraldine máa ń sọ pé ilé àwọn kò nílò rédíò. Kí Chancelle tó sọ àpò ìwé sílẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí aláǹgbá fi ń mi orí, ta ló sì ń bá sọ̀rọ̀? Àwọn òkúta ńláńlá tó wà lórí òkè Ṣábẹ̀ yìí, ta ló gbé wọn síbẹ̀, ṣé kò rẹ̀ ẹ́? Ṣé òṣùpá ní ìyá? Èyí tí Ìyá àgbà mọ̀, á dáhùn. Èyí tí kò mọ̀, á hun ún. Ọmọ náà á gbọ́, á ní irọ́ ni, á ní kó tún un sọ.

Nísinsìnyí, Chancelle á wọlé, á ní bọ́njúù, á jókòó. Á máa fi ìka rẹ̀ ṣeré. Nígbà mìíràn á la ẹnu, á wo Ìyá àgbà, á rántí òfin, á sì pa ẹnu dé. Ó ń dun ìyá náà wọnú egungun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Abdoulaye gbé wàláà dúdú tí wọ́n ń lò nílé ẹ̀kọ́ fún Chancelle, ó fún un ní ẹfun, ó ní kó kọ orúkọ rẹ̀. Chancelle fa ilà kan tó tẹ̀, ó dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò yẹ, ó sì dá ọwọ́ dúró.

"Èyí tó kù ńkọ́?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ẹfun ọwọ́ rẹ̀.

Abdoulaye di ọwọ́ rẹ̀ mú kó lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ẹfun ṣẹ́. Omijé dé ojú ọmọ.

"Ṣebí ó mọ̀ ọ́n kọ tẹ́lẹ̀!" ni Abdoulaye kígbe. "Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" Ó dìde, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. "Ó tó báyìí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mà á mú un lọ sọ́dọ̀ Thierry àbúrò mi ní Kútọ̀nù. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ Nàgó rárá. Ibẹ̀ ni á máa gbé títí tí ojú rẹ̀ á fi là."

Géraldine gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Ọmọ tí kò tíì lè dá irun ara rẹ̀ yà?" ni Ìyá àgbà wí. "Ta ni yóò máa jí i tó bá ń lálàá burúkú?"

"Ìyá, ọjọ́ iwájú rẹ̀ ni mò ń rò."

Òótọ́ ló sọ. Abdoulaye kì í ṣe ìkà. Ìfẹ́ tó ní sí ọmọ rẹ̀ ló tì í dé ibi tó dé yẹn, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé láti ilé ẹ̀kọ́ pé kí gbogbo òbí wá sí ìpàdé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìyá àgbà wé gèlè.

"Ìyá, ẹ jókòó, ẹ sinmi," ni Abdoulaye wí. "Faransé ni wọ́n máa sọ níbẹ̀."

"Bí wọ́n bá sọ ọ́, mà á dá wọn lóhùn pé pà ṣẹ́ẹ̀. Ó yá, jẹ́ ká lọ."

Àwọn méjèèjì àti Géraldine jọ gbéra. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní àdúgbò Plateau, kò jìnnà. Àwọn ọmọ ń sáré kiri níta, àwọn òbí sì wọ kíláàsì. Àga àwọn ọmọdé ló wà níbẹ̀. Salifou alápatà, tí ara rẹ̀ tóbi bí ilé, fi ìdí lé ọ̀kan, kò sì lè dìde mọ́.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Màdáàmù Aurélie, olùkọ́ àwọn ọmọ náà, wí. Ọmọ ìlú Kaboua ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀. "Ẹ wà bẹ́ẹ̀ ná. Tá a bá parí ìpàdé, a ó jọ yọ yín."

Nàgó ló fi kí wọn, Nàgó ló sì ń sọ lọ. Ìyá àgbà fi ìgbápá gbá Abdoulaye níhà.

Màdáàmù ti na okùn káàkiri kíláàsì bí ibi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Okùn kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ló ni ín. Lórí rẹ̀ ni ó fi àwọn àwòrán ọmọ náà kọ́ sí, láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé ẹ̀kọ́ títí di àkókò yẹn.

"Lópin oṣù kọ̀ọ̀kan," ni ó ṣàlàyé, "mo máa ń ní kí ọmọ ya ohun tó bá wù ú, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n kọ. Lẹ́yìn náà, mà á jókòó tì í, mà á ní kó ròyìn ohun tó yà fún mi. Èdè yòówù tó bá fi ròyìn ẹ̀, mo ń gbọ́. Mi ò fi ọmọ kan wé èkejì o. Ọmọ ti oṣù tó kọjá ni mo fi ń wé ara rẹ̀ ti oṣù yìí. Ẹ dìde, ẹ wá wo tàwọn ọmọ yín."

Ariwo sọ. Gbogbo wọn dìde, àfi Salifou.

"Ẹ wò ó, ó ya irùngbọ̀n fún mi, kò ya orí!" ni bàbá kan kígbe.

"Èyí ni èmi? Imú mi tó báyìí?"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Màmá Moufidatou. Ọmọ kì í purọ́."

Ìyá kan tó ń jẹ́ Chérifatou kò rẹ́rìn-ín. "Màdáàmù, ọmọ tèmi ń kọ lẹ́tà sódì. Mo ti ń nà án lọ́wọ́ nítorí rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wọn ṣì ń wá ọ̀nà ni. Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ nínú iyanrìn, kó máa fi omi kọ ọ́ sára ògiri, kó máa fi ẹfun kọ ọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ á lágbára, á sì tọ́. Bó bá dàgbà díẹ̀ sí i tí kò tọ́, ẹ wá bá mi, a jọ máa wá nǹkan ṣe sí i."

Abdoulaye gbọ́ ọ. Ó rántí ẹfun tó ṣẹ́, ojú sì tì í.

Wọ́n dé ibi okùn Chancelle. Àwòrán àkọ́kọ́, ilà tó lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ewúrẹ́ tú ká. Èyí tó tẹ̀ lé e, orí ńlá kan tí ẹsẹ̀ hù lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn tó ní etí, tó ní ìka, ìyá kan tí gèlè rẹ̀ ga ju ilé lọ. Orúkọ Chancelle wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn lẹ́tà náà tú ká, ọ̀kan dùbúlẹ̀, ọ̀kan dorí kodò, ṣùgbọ́n wọ́n pé.

"Lóṣù yẹn," ni Màdáàmù wí, "ó ròyìn fún mi títí oúnjẹ ọ̀sán mi fi tutù."

Lẹ́yìn èyí ni ọdún tuntun wọlé. Àwòrán tó kàn, ènìyàn kékeré kan ló wà ní igun ìwé. Èyí tó gbẹ̀yìn, ilà kan péré.

Ìyá àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ka okùn yẹn yéké.

"Mo kọ́kọ́ rò pé etí rẹ̀ ni," ni Màdáàmù ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo rọra pè é, ó yíjú padà kíá. Mo wá bi í pé kí ló yà. Ẹ mọ ohun tó sọ? 'Pà ṣẹ́ẹ̀, Màdáàmù!' Mo ní ta nìyí? Ó ní, 'Kàdóò!' Mo rò ó títí. Ta ló ń kọ́ ọmọ yìí ní Faransé ọjà?"

Kíláàsì dàrú. Salifou rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àga rẹ̀ fi ń ké.

Ìyá àgbà fi etí gèlè bo ojú. "Màdáàmù, èmi ni. Faransé ìdíkọ̀ ni. Òun náà ni mo ní."

Màdáàmù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí Abdoulaye wá ń ṣàlàyé òfin tó ṣe, ẹ̀rín náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Bàbá Chancelle, Faransé dára," ni Màdáàmù wí. "Òun ni mo fi ń kọ́ wọn. Mo mọ ilé Hermann. Faransé ni ìyá ọmọ yẹn gbọ́ láti kékeré. Òun ló fi ń bá ọmọ ṣeré, òun ló fi ń bínú, òun ló fi ń tàn án kó lè gbé oògùn mì. Ọ̀rọ̀ kún ilé wọn. Ọ̀rọ̀ kún ilé yín náà tẹ́lẹ̀, ẹ wá gbá gbogbo rẹ̀ jáde, ẹ fi pà ṣẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n kí ló pa Nàgó pọ̀ mọ́ ìwé kíkọ?"

"Kí ọmọ tó kọ nǹkan, ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Inú ọ̀rọ̀ yín ló ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn, ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ àti ohun tó tẹ̀ lé e. Bó bá mọ̀ ọ́n ní Nàgó, tí mo wá fún un ní orúkọ rẹ̀ ní Faransé, ó ti mọ ibi tó máa gbé e sí. Ẹ jẹ́ ká pè é wọlé."

Chancelle wọlé, iyanrìn wà ní orúnkún rẹ̀. Màdáàmù tẹ́ ìwé sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní kó ya ohun tó bá wù ú. Ọmọ náà dorí kodò, ó ń yà, ó ń yà, ahọ́n rẹ̀ yọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ó gbé e sókè. Ihò ńlá kan ló yà, ó to nǹkan kéékèèké yí i ká, ọ̀kan nínú wọn fì sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Kí nìyí, Chancelle?"

Ọmọ náà la ẹnu. Kò wo Màdáàmù. Bàbá rẹ̀ ló wò. Ó pa ẹnu dé.

Gbogbo kíláàsì rí i. Abdoulaye rí i jù wọ́n lọ. Ó kúrò níbi okùn, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, sọ ọ́."

"Ní Nàgó?"

"Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ ni kó o fi sọ ọ́."

"Bàbá, kò sí ìjà?"

"Kò sí ìjà."

Nígbà náà ni ó tú jáde. "Ẹnu mi nìyí! Eyín mi nìyí, ọ̀kan ń mì! Ẹ wò ó! Ó ti pẹ́ tó ti ń mì, mo fẹ́ sọ fún Ìyá àgbà, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe kó máa mì ní Faransé. Bí mo bá jẹ iṣu, ó ń dùn mí, mo wá ń fi apá ibí jẹ ẹ́. Moufidatou ní bó bá bọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu mi á máa gba ibẹ̀ jáde, mo ní irọ́ ni. Ṣé irọ́ ni, Ìyá àgbà? Ṣé ó máa dùn mí? Ṣé òmíràn máa hù, àbí bó ṣe máa rí nìyẹn títí mà á fi di arúgbó bíi tiyín?"

Ìyá àgbà ti gbá a mọ́ra kó tó parí. Ó la ẹnu ọmọ wò. Eyín náà ń mì lóòótọ́. Géraldine wá wò ó. Chérifatou wá wò ó. Salifou ní kí wọ́n gbé ọmọ náà wá kí òun náà rí i, nítorí òun kò lè dìde.

"Òmíràn máa hù," ni Ìyá àgbà wí. "Èyí tó funfun ju báyìí lọ. Tèmi nìkan ni kò ní hù mọ́."

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Abdoulaye ti mú fóònù. "Thierry, má dúró dè wá lọ́la."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí nǹkan kan. Eyín ọmọ ló ń mì."

"Eyín ni kò jẹ́ kí ẹ wá sí Kútọ̀nù?"

"Thierry, ọ̀rọ̀ pọ̀. Mà á pè ọ́ padà."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, eyín náà bọ́ sínú ẹ̀kọ. Gbogbo ilé jáde sí àgbàlá. Ìyá àgbà ṣa òkúta wẹ́wẹ́ lé Chancelle lọ́wọ́ pọ̀ mọ́ eyín, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Chancelle jù wọ́n sórí páànù ilé, wọ́n ń ró gbàmù-gbàmù, ó sì ń pariwo pé kí tuntun tètè dé. Géraldine ń pàtẹ́wọ́. Abdoulaye fi èdè Nàgó pariwo ju gbogbo wọn lọ.

Lẹ́yìn náà, ó ya páálí tí wọ́n fi kó èlò alùpùpù wá, ó tẹ́ ẹ síwájú ọmọ. Chancelle ya ilé, ó ya eyín tó ń fò lókè, ó ń sọ̀rọ̀ lọ bó ti ń yà. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ tán pátá. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ṣì kọjú sódì. Abdoulaye rí i. Ó la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ wá ìṣó tó máa fi gbé e kọ́ sára ògiri.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin tí ọmọ kékeré wà lọ́dọ̀ yín, ẹ gbọ́ ohun tí ìdílé yìí kọ́.

Èdè tó kún inú yín ni kí ẹ máa bá ọmọ sọ, kì í ṣe èyí tó kan ẹnu yín díẹ̀. Bó bá jẹ́ Nàgó ni ẹ fi ń ronú, tí ẹ fi ń ṣàwàdà, ẹ fi bá a sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Faransé máa dé bá a nílé ẹ̀kọ́, á sì rí ibi jókòó sí.

Lóṣooṣù, ẹ jẹ́ kí ọmọ ya nǹkan, kó sì kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ fi ti oṣù yìí wé ti èyí tó kọjá, ẹ má fi wé ti ọmọ aládùúgbò. Ẹ má nà án nítorí lẹ́tà tó kọjú sódì, ẹ má sì di ọwọ́ rẹ̀ mú tipátipá.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bá dákẹ́, tàbí tó ń gbàgbé ohun tó ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ má dúró, ẹ má sì tì í lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ lọ bá olùkọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn. Ẹ bi ara yín pé kí ló yí padà nínú ilé.

Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kódà bí iṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ títí yóò fi parí rẹ̀.